Nígbà Tí Àpótí Kẹta Dákẹ́

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi ní ọdún kìíní pé ìdí wáyà, bátìrì àti abọ́ oníke ni n óò ti lo sáà ìkẹyìn mi, ǹ bá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀dá-èdè ni mo wá kọ́. Ohun tí mo mọ̀ nípa iná mànàmáná kò ju pé wọ́n ti mú un lọ tàbí wọ́n ti mú un dé. Ṣùgbọ́n èmi àti ọmọ ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ kan la jọ ń gbé yàrá, Ẹnjiníà ni gbogbo wa ń pè é. Òun ló fà mí wọ ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ náà sì kọ́ mi ní nǹkan kan nípa èdè Yorùbá tí mo rò pé mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ohun tó fẹ́ ṣe fún iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ kò le láti ṣàlàyé. Àwọn ṣọ́ọ̀bù wà lẹ́yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì wa, jẹnẹrétọ̀ wọn sì ń dún títí wọ inú òru. Gbogbo ìgbà tí a bá lọ fẹjọ́ sùn, ohun tí wọ́dìn máa ń bi wá ni pé, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ariwo wo lẹ ń wí gan-an?" A kì í rí èsì fún wọn, torí pé ariwo àná ti bá àná lọ. Ẹnjiníà wá pinnu pé òun á gbé àpótí márùn-ún kalẹ̀ káàkiri ilé náà. Abọ́ oníke tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ ló lò, kí òjò má bàa wọ inú rẹ̀. Ó fi máíkì kan sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà kékeré tí wọ́n ń pè ní ESP32, bátìrì, àti rédíò LoRa tí yóò máa fi ìròyìn ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ kan nínú yàrá wa. Àpótí kan kò lè gbọ́ gbogbo ilé. Márùn-ún tó wà káàkiri, tí ìròyìn gbogbo wọn ń bọ̀ sójú kan, lè gbọ́ ọ. Ohun tí wọ́n ń pè ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì sẹ́ńsọ̀ nìyẹn.

Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ dá a. Ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ láti Berkeley ní California àti College of the Atlantic gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ 32 lọ sí Great Duck Island, erékùṣù kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, láti máa ṣọ́ àwọn ẹyẹ òkun tó ń yé sínú ihò ilẹ̀. Bí ènìyàn bá ń lọ yọjú sí ihò wọn lóòrèkóòrè, ẹyẹ lè kọ ìtẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kékeré tó jókòó jẹ́ẹ́ kò dà á láàmú. Ní New York náà, iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní SONYC bẹ̀rẹ̀ ní 2016, tó fi sẹ́ńsọ̀ wádìí irú ariwo tó ń yọ àwọn ará ìlú lẹ́nu. Ẹnjiníà ti ka gbogbo èyí. Ohun tó wá fẹ́ lọ́wọ́ mi ni pé kí n máa tẹ́tí sí ohun tí àwọn àpótí bá gbà sílẹ̀, kí n sì kọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́: jẹnẹrétọ̀, òjò, orin, ohùn ènìyàn. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ń fi etí ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka yín."

Ní ìbẹ̀rẹ̀, àpótí kò mọ nǹkan kan dá nù. Gbogbo ohun tó bá gbọ́ ló ń kó sórí mẹ́mọ́rì káàdì. Alẹ́ ọjọ́ kejì ni mo ń gbọ́ ọ lọ báyìí, tí mo gbọ́ ohùn ọmọbìnrin kan tó ń sunkún lórí fóònù. "Mọ́mì, ẹ má tà á," ló ń wí. "Ẹ má torí tèmi tà á. Màá lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún mi láyè di oṣù tó ń bọ̀." Ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé ni. Mi ò mọ ohun tí ìyá rẹ̀ fẹ́ tà, ṣùgbọ́n mo mọ ohùn náà. Ọmọ yàrá tó dojú kọ tiwa ni, ọmọ ọdún kejì, tó máa ń kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀ tí mo bá ń lọ pọn omi. Ó wá ibi tí kò ti sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ lọ sẹ́yìn ilé, ó sì lọ jókòó sábẹ́ àpótí wa.

Wọ́n ní ògiri létí. Àwa la gbé etí kọ́ ara ògiri yìí.

Ọdún mẹ́rin ni àwọn olùkọ́ wa fi ń kọ́ mi pé kí n gba àṣẹ lẹ́nu abẹ́nà-ìmọ̀ kí n tó tan ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. N kò rántí ẹ̀kọ́ náà rárá nígbà tí mo ń bá Ẹnjiníà di àkàbà mú. Ó tó ọjọ́ méjì tí mi ò lè wo ọmọ náà lójú. Ní ọjọ́ kẹta, mo kanlẹ̀kùn wọn, mo pè é síta, mo sì jẹ́wọ́ fún un. Kò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Àǹtí, ta lẹ sọ fún?" Mo ní mo sọ fún Ẹnjiníà pé a gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ ká gbọ́, ṣùgbọ́n mi ò dárúkọ ẹni tó sọ ọ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á rẹ́." A pa á rẹ́ lójú rẹ̀. Ìgbà náà ló wá bi wá ní ohun tí olùkọ́ kankan kò tíì bi wá: "Báwo wá ni màá ṣe mọ̀ pé kò ní gbọ́ mi lọ́la?"

Ẹnjiníà ti ní in lọ́kàn tẹ́lẹ̀ pé àpótí yóò máa ṣe ìṣirò fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí bátìrì àti rédíò ni. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí a bá ń wọn ohùn nígbà 16,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan gba báìtì méjì, báìtì 32,000 nìyẹn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láàárín ọjọ́ kan, yóò ju gígábáìtì 2.7 lọ, fún àpótí kan ṣoṣo. Ohun tí rédíò LoRa lè gbé lẹ́ẹ̀kan kò sì ju báìtì 255 lọ. Kò sí bí a ṣe fẹ́ ki erin bọ inú ìṣáná. Àpótí gbọ́dọ̀ ronú kó tó sọ̀rọ̀: kó gbọ́ ohùn fún ìṣẹ́jú kan, kó ṣírò bó ṣe lágbára tó ní desibẹ́ẹ̀lì, kó mọ irú ohùn tó jẹ́, kó da ohùn náà nù, kó sì fi nọ́ḿbà díẹ̀ ránṣẹ́.

Ó tún fẹ́ kí a lè yí ìtò àwọn àpótí padà láti orí bẹ́ẹ̀dì wa, láìgun àkàbà. Ibo ni ariwo yóò dé kí àpótí tó sọ̀rọ̀? Ìṣẹ́jú mélòó ni yóò wà láàárín ìròyìn kan àti èkejì? Irú ohùn wo ni kó pa tì? Gbogbo rẹ̀ ló ṣeé yí padà. Ìbéèrè ọmọ yìí ló jẹ́ ká rí i pé ohun tó mú ẹ̀rọ náà wúlò ló tún mú un léwu. Bí a bá lè ní kó má gba ohùn sílẹ̀ mọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì wa, a lè ní kó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì kan náà. Ìlérí ẹnu wa nìkan ni yóò máa dáàbò bò ó.

A wá pín ìtò náà sí ọ̀nà méjì. Ààlà ariwo àti iye ìṣẹ́jú ṣì ṣeé yí padà láti òkèèrè. Ṣùgbọ́n bátìnnì ni a fi gba ohùn sílẹ̀, inú àpótí ló sì wà. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ gbọ́dọ̀ gun àkàbà, kó tú ìdérí, kí gbogbo ayé sì rí i. Wáyà tó ń gbé iná lọ sí mẹ́mọ́rì káàdì náà ló ń tan gílóòbù pupa kékeré kan níta. Káàdì kò lè ṣiṣẹ́ kí gílóòbù náà má tàn, kóòdù yòówù tí a bá kọ. A pe ọmọ náà wá, a tẹ̀ ẹ́, ó pọ́n. A pa á, ó kú. Ó ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n ìdí igi máńgòrò tó wà lọ́nà láíbìrì lòun á ti máa pe ìyá òun láti ìsinsìnyí lọ. Mi ò dá a lẹ́bi.

Nígbà tí àpótí ti ń da ohùn nù, iṣẹ́ tó kàn mí gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni: kí ló yẹ kó mú, kí ló yẹ kó fi sílẹ̀? Ìbéèrè àwa ọmọ ẹ̀dá-èdè nìyẹn. Onílù dùndún máa ń da kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì nù, ó sì máa ń mú ohùn. Àwa tí a wà lórí WhatsApp ń ṣe òdìkejì rẹ̀: a da ohùn nù, a mú kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì, a wá kọ "oko mi ti de" ránṣẹ́ sí ẹni ẹlẹ́ni. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Ṣùgbọ́n kí ó tó lè di odindi, ẹni tó gbọ́ ọ gbọ́dọ̀ mọ àbọ̀ tí a mú àti àbọ̀ tí a fi sílẹ̀.

Fún àpótí wa, ohun tí mo mú wá ni sílébù. Jẹnẹrétọ̀ tó ń mú iná 50 Hz wá sábà máa ń yí nígbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn 50 ní ìṣẹ́jú àáyá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn kékeré tó ń lo bẹntiróòlù, tí wọ́n ní sìlíńdà kan, ẹ̀ẹ̀kan ní yíyí méjì ni iná máa ń gbá nínú wọn, ìdí nìyí tó fi ń dún ní ìgbà 25 ní ìṣẹ́jú àáyá, láìdẹwọ́, láìyí padà. Ọ̀rọ̀ ènìyàn kò rí bẹ́ẹ̀. Bí sílébù ṣe ń tẹ̀lé sílébù, ariwo rẹ̀ ń gòkè ó ń sọ̀ kalẹ̀ bíi ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá. Àpótí kò nílò láti mọ ọ̀rọ̀ kankan. Ó kàn ń wo bí ariwo ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀. Kò mọ Yorùbá yàtọ̀ sí Haúsá, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ẹnì kan ń sọ̀rọ̀. Inú mi dùn sí èyí ju máàkì tí mo gbà nínú fonọ́lọ́jì lọ.

A bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò. A kọ́kọ́ to àpótí márààrún sórí tábìlì kan mọ́jú, a sì yá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ariwo láti yàrá ìwádìí kan, kí a fi wọn wé e. Àpótí kẹrin máa ń fi desibẹ́ẹ̀lì mẹ́rin lé sí i, a wá kọ ọ́ sínú ìtò rẹ̀ pé kó máa yọ mẹ́rin kúrò. Èmi náà ṣe àṣìṣe tèmi: mo fi 50 pọ̀ mọ́ 80, mo pín in sí méjì, mo kọ 65. Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Desibẹ́ẹ̀lì kì í ṣe ohun tí a ń kà bí ọsàn. Agbára ohùn gan-an ni a máa pín sí méjì, ìdáhùn sì sún mọ́ 77. Ìṣẹ́jú kan tí ariwo ńlá ṣẹlẹ̀ kì í jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú kejì já mọ́ nǹkan kan.

Lẹ́yìn náà ni a gbé wọn pa dà síta. Ní alẹ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́, àpótí kejì ní jẹnẹrétọ̀ ń dún níbi tí kò ti sí jẹnẹrétọ̀ rárá. A sáré jáde. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wa ló ń ṣe ìṣọ́ òru nínú gbọ̀ngàn, tí gbogbo wọn ń gbàdúrà pa pọ̀. Tí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀, sílébù rẹ̀ máa ń hàn. Tí ọgọ́rùn-ún ènìyàn bá ń sọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, òkè ẹnì kan á bọ́ sínú ìsàlẹ̀ ẹlòmíràn, gbogbo rẹ̀ á sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí ti ẹ́ńjìnnì. A fi ìsọ̀rí kan kún un fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Mo ṣì máa ń fi ọ̀rọ̀ yìí dá àwọn ọmọ ìjọ náà lápàárá.

Àṣìṣe tó le jù lọ kò pani lẹ́rìn-ín. Kí bátìrì má bàa tètè tán, a ṣètò rẹ̀ pé kí àpótí dákẹ́ bí ariwo kò bá tó desibẹ́ẹ̀lì 55, kó sọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ilé ni àpótí kẹta wà, ní ìtòsí àwọn ṣọ́ọ̀bù. Ó sọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kìíní, ó sì dákẹ́ ṣáájú ìdájí. Òru mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, kò sọ nǹkan kan. Kóòdù tó ń ya máàpù wa ka ìṣẹ́jú tí kò ní ìròyìn sí ìṣẹ́jú tí kò láriwo. Ibi tí ariwo pọ̀ sí jù nínú ilé náà wá ní àwọ̀ ewé, bí i pé ìdákẹ́jẹ́ oko ló wà níbẹ̀.

Díẹ̀ ló kù ká tẹ̀ ẹ́ jáde fún wọ́dìn. Ọmọ yàrá òdìkejì ló rí i lórí láptọ́ọ̀pù wa. Ẹ̀yìn ilé náà ni fèrèsé wọn dojú kọ. Ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ̀yìn ọ̀dọ̀ wa lẹ kùn ní àwọ̀ ewé yìí?" Ó wo èmi, ó wo Ẹnjiníà. "Ẹ wá sùn lọ́dọ̀ wa lónìí."

A sọ̀ kalẹ̀, a tú àpótí kẹta. Bátìrì rẹ̀ ti kú. Ìdí tó fi kú ló dùn mí jù. Ìgbà tí rédíò bá ń sọ̀rọ̀ ni bátìrì máa ń jẹ̀yà jù. Àwọn àpótí tó wà níbi tó tutù kò fi bẹ́ẹ̀ ní nǹkan sọ, nítorí náà bátìrì wọn dúró. Èyí tó wà níbi tó burú jù lọ sọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan títí agbára rẹ̀ fi tán, àwa sì pe ikú rẹ̀ ní àlàáfíà. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àpótí kẹta kò dákẹ́. Ó kígbe títí ohùn fi há a ni.

Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà lálẹ́ ọjọ́ náà tí ọ̀rọ̀ ohùn àárín sọ sí mi lọ́kàn. Láti ọdún kìíní la ti mọ̀ pé ohùn òkè ní àmì, ohùn ìsàlẹ̀ ní àmì, a kì í sábà fi àmì sórí ohùn àárín. Nígbà tí mo bá kọ "ọkọ", tí ìyàwó ń kí káàbọ̀, kò sí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀, ẹ sì mọ bí ẹ ó ṣe kà á. Ẹ mọ̀ ọ́n nítorí pé ẹ ti rí i pé mò ń fi àmì sórí ọkọ́ tí a fi ń roko, ọkọ̀ tí a ń wọ̀, àti ọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń jagun. Àìsí àmì níbẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ gidi. Ṣùgbọ́n nínú àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹni tó kọ ọ́ kò fi àmì sí rárá, àìsí àmì kò sọ nǹkan kan fún wa. Ojú kan náà ni méjèèjì ní. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé a mọ̀, tàbí a kò mọ̀, pé ẹni tó kọ ọ́ ì bá fi àmì sí i bí àmì bá yẹ. A ti fẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ àpótí wa jẹ́ ohùn àárín, ṣùgbọ́n a kò ṣe ohunkóhun tí a ó fi mọ̀ pé ó ṣì ń kọ̀wé.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gbà ju ìlà kóòdù díẹ̀ lọ. Ní ìṣẹ́jú 15 kọ̀ọ̀kan, ariwo wà o, kò sí o, àpótí kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ sọ iye ìṣẹ́jú tó fi tẹ́tí, iye tó kọjá ààlà nínú wọn, àti bí bátìrì rẹ̀ ṣe kù sí. Bí ìròyìn náà kò bá dé, ojú ibẹ̀ á funfun lórí máàpù, kì í ṣe àwọ̀ ewé mọ́. Bí bátìrì bá ń lọ sílẹ̀, àpótí á dín ọ̀rọ̀ kù, kò ní máa sọ ti ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan mọ́. Lẹ́yìn náà la mọ̀ọ́mọ̀ dá wàhálà sílẹ̀ láti dán an wò. A yọ bátìrì àpótí kan lóru. A fi fóòmù di máíkì òmíràn. A pa ẹ̀rọ agbàròyìn inú yàrá wa fún wákàtí kan. Máàpù gbọ́ ti bátìrì, ó sì gbọ́ ti ẹ̀rọ agbàròyìn. Fóòmù ló tàn án jẹ, àpótí ní òun ń tẹ́tí, òun kò sì gbọ́ nǹkan kan. Ẹnjiníà kọ èyí sínú iṣẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tó kù díẹ̀ káàtó.

Nígbà tí àpótí kẹta jí, nọ́ḿbà rẹ̀ kò yà wá lẹ́nu mọ́: 68 ní agogo kan òru, níta fèrèsé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti dábàá ní 1999 pé kí ariwo inú yàrá tí ènìyàn ń sùn má kọjá 30 lóru. Ìta àti inú ilé kì í ṣe ọ̀kan náà, a sì kọ ìyẹn síbẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́dìn gba ìwé náà, wọ́n wò ó títí, wọn ò bi wá léèrè ariwo wo lẹ ń wí mọ́. Wọ́n ní àwọn á bá àwọn onísọ́ọ̀bù sọ̀rọ̀. Títí mo fi ń kọ èyí, jẹnẹrétọ̀ ṣì ń dún. Ọmọ yàrá òdìkejì ti san owó ilé-ìwé rẹ̀. Mi ò béèrè bí wọ́n ṣe rí i.

Ẹ̀yin tí ẹ máa kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ tábìlì yín wò. Mo pa dà sínú tèmi lọ́sẹ̀ tó kọjá, tábìlì ọ̀rọ̀ tí mo gbà lẹ́nu abẹ́nà-ìmọ̀ mẹ́jọ, mo sì rí àwọn ojú tó ṣófo nínú rẹ̀. Àwọn kan ṣófo torí pé ẹni náà kì í lo ọ̀rọ̀ yẹn. Àwọn kan ṣófo torí pé ó rẹ̀ mí lọ́jọ́ náà, n kò béèrè. Ọ̀kan náà ni mo fi méjèèjì ṣe. Mo ti ń pè wọ́n pa dà báyìí, lọ́kọ̀ọ̀kan, lórí fóònù, kí n lè kọ "kò sí" síbi tí kò sí, kí n sì kọ "n kò béèrè" síbi tí n kò ti béèrè.